Iná Mẹ́rin Tí Kò Dọ́gba

Àwa Ìjẹ̀ṣà fẹ́ràn ilé kíkọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ wá dáadáa kò ní jiyàn. Òṣómàáló ayé àtijọ́ tí ó ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó rẹ̀ fi pé, ilé ni ó gbé owó náà wá kọ́. Lónìí tí àwọn ọmọ Òṣómàáló ti di dókítà ní London àti ẹnjinníà ní Houston, ìwà náà kò tíì yí padà. Ẹ wá sí Ìperindó wa níbí, láàárín oko kòkó, ẹ ó rí ilé alájà méjì tí ó jẹ́ pé ọdún Kérésìmesì nìkan ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹ bá sì wọ pálọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni iná ńlá kan tí ó rọ̀ dirodiro láti òkè àjà, tí ó yọ ọwọ́ yọ ẹsẹ̀, tí gíláàsì rẹ̀ ń dán yanranyanran. Ṣandẹlíà ni wọ́n ń pè é. Òun ni ìyálé nínú gbogbo iná. Ta ní ń bèèrè iná ara ògiri?

Iná ara ògiri tí mo ń wí yìí, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní wọ́ọ̀lù bírákẹ́ẹ̀tì, àwọn onílé kì í rántí rẹ̀ àfi bí owó bá ṣẹ́kù. Owó kì í sì í ṣẹ́kù níbi ilé kíkọ́, ẹ̀yin náà mọ̀.

Yèyé mi ni ó jẹ́ kí n fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Yèyé ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì dára lè má mọ̀ pé ojú tí ó ti dàgbà kò fẹ́ òkùnkùn, kò sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ó le. Gílóòbù tí a so mọ́ àárín àjà láìní ìbòrí, bí iná bá ti dé báyìí, ọwọ́ ni Yèyé á fi bojú. Wọ́n á ní, “Iná yín yìí ń gún mi lójú bí abẹ́rẹ́. Ẹ pa á o jàre.” A ó pa á, wọn á sì jókòó sínú òkùnkùn. Lóru ọjọ́ kan ní ọdún 2021, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí balùwẹ̀, wọ́n ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n, egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n odidi oṣù méjì ni wọ́n fi tiro.

Nígbà tí gbogbo àwa ọmọ wá ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, tí ẹni kan ń sọ pé kí a gba ọmọ ọ̀dọ̀, tí ẹni kan ń sọ pé kí Yèyé máa bọ̀ ní Ìbàdàn, Yèyé dá wa lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní, “Nígbà tí bàbá yín wà láyé, ara ògiri ni iná máa ń wà. Ta ní ń gbé iná ka orí ènìyàn?”

Òótọ́ ni. Mo rántí pákó kékeré tí bàbá wa kàn mọ́ ògiri nínú ilé wa àtijọ́. Lórí rẹ̀ ni fìtílà Aladdin máa ń jókòó sí, tòun ti gíláàsì rẹ̀ gígùn tí ó sín ní ọrùn. Páànù dídán kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń ti ìmọ́lẹ̀ náà padà sínú ilé. Bí èéfín bá ti dúdú mọ́ inú gíláàsì náà, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kéré ni wọ́n ń pè kí ó wá nù ún, nítorí ọwọ́ àgbà kò lè wọ̀ ọ́. Èmi ni wọ́n máa ń pè. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ oyè “nugíláàsì” rí, ẹ mọ bí àyà ṣe ń já. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọdé ń dá lóko tàbí nílé tí ó tó kí gíláàsì fìtílà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí òkùnkùn alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ilé ni yóò mọ ẹni tí ó fà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní London gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Yèyé sọ, ó sì fi sọ́kàn. Ní ọdún 2022, ó rin ìrìn àjò lọ sí Venice ní ilẹ̀ Ítálì, ó sì kọjá sí erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Murano. Gíláàsì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Láti ọdún 1291 ni àwọn aláṣẹ Venice ti kó gbogbo ìléru gíláàsì ìlú wọn lọ sí erékùṣù náà, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù kí iná má jó ìlú, wọ́n sì fẹ́ràn kí àṣírí iṣẹ́ wà lójú kan. Ilẹ̀kẹ̀ ilẹ̀ Venice wà lára ẹrù tí àwọn òyìnbó ń kó wá sí etíkun wa nígbà òwò ẹrú, ẹrù kékeré tí wọ́n fi ń ra ẹni ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi kò rò ó lọ síbẹ̀. Iná ara ògiri mẹ́rin ni ó rà fún ìyá rẹ̀. Iye tí ó rà á, títí di òní kò tíì sọ fún wa, mo sì rò pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ̀.

Kérésìmesì ọdún náà ni àwọn iná dé Ìperindó nínú páálí. Gíláàsì wọn ní àwọ̀ oyin, ó nípọn, kò sì mọ́ gaara débi tí ènìyàn á fi máa rí gílóòbù inú rẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, agbaṣẹ́ṣe ni, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì mi orí. Ó ní, “Wọ́n ti lu Ẹ̀gbọ́n ní jìbìtì. Ẹ wò ó, wọn ò dọ́gba.” Oníṣẹ́ iná fa téèpù yọ, ó wọ̀n wọ́n. Lóòótọ́, ọ̀kan ga ju ìkejì lọ ní ìwọ̀n ìka kan, ìkẹta tẹ̀ díẹ̀ ní ìdí, ìkẹrin sì ní ìléròrò kékeré kan nínú ara gíláàsì rẹ̀, bí ẹyin ẹja. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ojúlówó ọjà kì í rí bẹ́ẹ̀, pé ojúlówó máa ń jọra bí ìbejì ni.

Ibẹ̀ ni a ti ń ṣì í, ọ̀pọ̀ wa ní ìgboro. Ohun tí ẹ̀rọ ṣe ni ó máa ń dọ́gba. Èyí tí wọ́n fi ẹnu fẹ́ kò lè dọ́gba láéláé.

Yanrìn ni gíláàsì. Ṣùgbọ́n yanrìn nìkan kì í yọ́ bọ̀rọ̀, ooru rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,700 ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń po irú ohun tí ó wà nínú kán-ún mọ́ ọn, kán-ún kan náà tí ẹ̀yin ìyá wa ń fi sí ewédú kí ó lè tètè rọ̀. Gíláàsì pàápàá, kán-ún ni ó ń rọ̀ ọ́. Wọ́n á tún fi ohun tí ó wà nínú ẹfun tàbí ìkarahun ìgbín sí i, kí omi má bàa jẹ ẹ́. Bí ó bá ti yọ́ tán, ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ á ti ọ̀pá irin gígùn oníhò bọ inú ìléru, gíláàsì á lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀pá bí oyin ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi. Á máa yí ọ̀pá náà láìsinmi, nítorí bí ó bá sinmi, gíláàsì á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Á wá gbé ẹnu lé ìdí ọ̀pá, á fẹ́ ẹ, gíláàsì á wú bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́. Á tún tì í bọ iná, á tún fẹ́ ẹ, á máa fi igi tútù tàbí irin tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí á fi di ohun tí ó ní lọ́kàn. Iṣẹ́ kò tíì parí o. Wọ́n á gbé e sínú ààrò mìíràn tí ooru rẹ̀ kéré, kí ó máa tutù díẹ̀díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá gbé e sínú afẹ́fẹ́ lójijì, ìta rẹ̀ á ti sún kì, inú rẹ̀ á ṣì máa gbóná, ìjà á bẹ́ láàárín wọn, á sì sán.

Ìgbà tí mo ṣe àlàyé yìí fún Yèyé, wọ́n gbé èyí tí ó ní ìléròrò nínú, wọ́n fi àtàǹpàkò pa á lára. Wọ́n ní, “Èémí ẹni tí ó fẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ nìyẹn.” Mo ní ó lè jẹ́ pé inú ìléru lọ́hùn-ún ni afẹ́fẹ́ yẹn ti há sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án. Yèyé ní kí n lọ jókòó.

A kan iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́ mọ́ pálọ̀ àti yàrá Yèyé, a kan ìkẹrin mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ balùwẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà, Yèyé kò fi ọwọ́ bojú. Ìmọ́lẹ̀ náà kò já lu ẹnikẹ́ni, ara ògiri ni ó kọ́kọ́ ń bá lọ, kí ó tó máa ṣàn bọ̀ wá bá wa. Yèyé bọ́ gèlè, wọ́n ní iná yìí tutù. N kò gbọ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa iná kankan rí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan fi bàjẹ́. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ jó, oníṣẹ́ iná náà sì fi gílóòbù 100 wọ́ọ̀tì rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ti kọ ọ́ sí ìdí iná náà gbàgàdà pé kò gbọdọ̀ ju 40 lọ. Ó ní òun fẹ́ kí ó mọ́lẹ̀ dáadáa fún Màmá ni. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, a gbọ́ “kẹ́!” bí ẹni pé ẹnìkan ta òkò. Gíláàsì náà ti là láti òkè dé ìdí. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Yèyé ti ṣubú ni ó fọ́.

Mo wá a dé Iléṣà, mo wá a dé Òṣogbo, mo dé ọjà Aláàbà ní Èkó. Iná ara ògiri kún ibẹ̀ bí erùpẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n dọ́gba bí ìbejì tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń wá. Èmi kò bú wọn, wọ́n wúlò, wọn ò sì wọ́n, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà ni wọ́n pe méjì fún mi. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tí mo dì mú, bí gílóòbù bá wọ inú rẹ̀, ojú gílóòbù ni ẹ ó máa rí kedere, àwọn mìíràn sì jẹ́ ike tí wọ́n kùn bíi gíláàsì. Ọlọ́jà kan gbà mí nímọ̀ràn pé, “Ẹ tú mẹ́ta yẹn dànù, kí ẹ ra mẹ́rin tuntun, gbogbo ẹ̀ á sì bára mu.” Mo gbé ìmọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ Yèyé. Wọ́n ní bí mo bá fọwọ́ kan iná àwọn, àwọn á fi mí bú.

Ní àkókò tí mo ń wá nǹkan yìí kiri ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè pé, ṣé ní tòótọ́, òyìnbó nìkan ni ó mọ gíláàsì ṣe ni? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà, láàárín Iléṣà sí Ifẹ̀ ni. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò ní Igbó Olókun tí gíláàsì bò nínú. Láti ìgbà náà wá, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé gíláàsì tí ó ti òkèèrè wá ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá, wá gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Olókun. Èsì iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó lé ní 12,000 ni ó bá nínú ilẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì àti ìdọ̀tí iṣẹ́. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n sì yẹ gíláàsì wọ̀nyí wò, ohun tí ó wà nínú wọn kò bá ti Lárúbáwá mu, kò bá ti òyìnbó mu. Yanrìn ilẹ̀ yìí ni. Gíláàsì Ifẹ̀ yìí ti rìn dé Gao ní ilẹ̀ Mali. Ní Òṣogbo náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ìgè kọ ìwé ní ọdún 2015 lórí gíláàsì tí wọ́n rí nínú Igbó Ọ̀ṣun, pé àwọn ará ibẹ̀ àtijọ́ náà ń ṣe gíláàsì fúnra wọn.

Ní Bídà, ní ilẹ̀ Núpé, àwọn Masaga ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹwìrì fẹ́ iná ìléru alámọ̀, tí wọ́n ń yọ́ àfọ́kù ìgò, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá irin yí i di ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Àwọn baba wọn mọ gíláàsì dúdú kan ṣe láti inú yanrìn àti kán-ún, bikini ni wọ́n ń pè é. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà ti wà kí àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ etí òkun.)

Kí ló wá dé tí a kò fẹ́ gíláàsì? Apá ìlà-oòrùn Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n pé ènìyàn lè fi ẹnu fẹ́ gíláàsì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. Ohun tí àwọn tiwa ń wá yàtọ̀. Ife àti ìgò kọ́ ni wọ́n ń wá, a ní igbá, a ní akèrègbè. Ọlá ni wọ́n ń wá, ohun tí ọba á fi sí ọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀: wọ́n á fa gíláàsì gbígbóná gùn bí ìdí ewé ìbẹ́pẹ, tòun ti ihò láàárín, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e wẹ́wẹ́. Gíláàsì oníhò ni wọ́n ń fà yẹn! Bí ẹnìkan bá dí ìdí rẹ̀ kan, tí ó sì fi ẹnu sí ìdí kejì, ibi tí a ń lọ ti dé.

Yèyé ní sẹ̀gi tí wọ́n jogún lọ́wọ́ ìyá wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń ka gbogbo ìwọ̀nyí fún wọn, wọ́n lọ mú un jáde nínú àpótí, wọ́n sì gbé e síwájú ọ̀kan nínú iná Murano náà. Lójú ọ̀sán, búlúù ni sẹ̀gi náà, búlúù tí ènìyàn ń rí lójú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Bí iná ṣe gba inú rẹ̀ kọjá, ó di àwọ̀ ewé. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú sẹ̀gi àtijọ́, wọ́n ní àwọ̀ kan fún ìta, wọ́n ní òmíràn fún inú. Ọjọ́ pẹ́ tí Yèyé ti ń fi í sí ọrùn, wọn kò rí àwọ̀ kejì yẹn rí, nítorí ta ní ń gbé ọrùn síwájú iná?

Ọ̀rọ̀ sẹ̀gi yìí tún kàn wá ní Ìperindó ju bí a ṣe rò lọ. Ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní agbègbè wa, tí wúrà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù Keje ọdún 2021, Sẹ̀gilọlá ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ni wọ́n fi pe wúrà. Wúrà náà pàápàá, inú òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní quartz ni ó fara pamọ́ sí, ọmọ ìyá kan náà sì ni quartz àti yanrìn tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì. Àwọn àgbà oníṣẹ́ gíláàsì a máa fi wúrà tín-ín-tín sínú gíláàsì tí ó ń yọ́, á sì pọ́n bí omi ìṣápá. Ẹ wá rò ó wò, ilẹ̀ tí ó ní òkúta rẹ̀, tí ó ní wúrà rẹ̀, àwa tí a ń gbé orí rẹ̀ sì ń rin ìrìn àjò lọ sí Aláàbà nítorí gíláàsì kan. Mo mọ̀ pé òkúta nìkan kì í di ìléru. Yanrìn Ìgbọ́kọ̀dá ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó funfun bí iyọ̀, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ gíláàsì Olúwa tí ìjọba kọ́ síbẹ̀ wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì kan ní apá ọ̀dọ̀ wa, ni ó já wa sí ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá kan wà lẹ́yìn lábù wa tí ó ń tún fíláásìkì ṣe. Ẹnu ló fi ń fẹ́ ẹ.”

Mo lọ bá ọkùnrin náà. Yàrá kékeré ni, ó gbóná. Ìléru kò sí níbẹ̀, ọ̀pá gíláàsì oníhò tí wọ́n ti ṣe wá láti òkè òkun ni ó fi ń ṣiṣẹ́, irú èyí tí ooru kì í tètè fọ́, bíi ti Pyrex. Iná gáàsì àti ọ́síjìn ń hó níwájú rẹ̀, ó fi awò dúdú sójú. Ó di gíláàsì mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń yí i láìdúró, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ kejì wọ inú gíláàsì náà. Bí ó bá fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀, ibi tí ó ti rọ̀ á wú. N kò sọ̀rọ̀ títí ó fi ṣe tán. Ẹnì kan tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ẹ kì í kí i.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo wá ṣe, ó wò mí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, fíláásìkì ni mò ń ṣe. Láti ọgbọ̀n ọdún ó lé tí mo ti wà níbí, kò sẹ́ni tí ó ní kí n ṣe iná rí.” Mo ní gílóòbù àkọ́kọ́ tí Edison tàn ní ọdún 1879, ẹnu ni wọ́n fi fẹ́ gíláàsì rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀, òun mọ̀ dáadáa, pé ọdún 1926 ni ẹ̀rọ Corning dé ní Amẹ́ríkà tí ó gba iṣẹ́ náà mọ́ àwọn afẹ́gíláàsì lọ́wọ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún bí ẹni pé àná ni ó ṣẹlẹ̀.

Ó bèèrè bí ẹnu ibi tí gílóòbù ń wọ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ó bèèrè irú gílóòbù tí a fẹ́ fi sí i. Ó wá ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kí ó bá mẹ́ta yòókù dọ́gba?” Mo ní mẹ́ta náà kò bá ara wọn dọ́gba. Ó ní, “Áà! Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ló ṣe wọ́n nìyẹn.” Ó ń dùn mọ́ mi pé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀.

Fíláásìkì lítà kan, onídìí róbótó, ni ó fi ṣe é. Ó gé ọrùn rẹ̀, ó yọ́ ẹnu rẹ̀ títí ó fi rọ̀, ó fi igi èédú kan tì í síta kí ó lè ní ètè bí òdòdó. Ó wá fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jáde díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè fẹ̀ sí apá ògiri. Ó gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ lé ní 500, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Ìṣòro kan ṣẹ́kù: ó mọ́ gaara, á sì gún Yèyé lójú. Ọkùnrin náà mú lẹ́búlẹ́bú dúdú tí wọ́n fi ń lọ ojú gíláàsì, ó pò ó mọ́ omi, àwa méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àfọ́kù gíláàsì lọ̀ ọ́ káàkiri títí tí ó fi funfun bí omi ògì. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ tí èmi lọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n náírà ni ó gbà lọ́wọ́ mi, tòun ti owó fíláásìkì.

A kàn án mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gílóòbù LED tí kò ju wọ́ọ̀tì márùn-ún lọ ni mo fi sí i, nítorí irú yẹn kì í gbóná, sólà tí ẹ̀gbọ́n mi rà sì lè gbé e títí di òwúrọ̀, ìbáà jẹ́ pé iná ìjọba dé tàbí kò dé. Àwọ̀ rẹ̀ kò jọ ti mẹ́ta yòókù. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ó dà bí iná ọsibítù. Yèyé rìn lọ sí balùwẹ̀, wọ́n rìn bọ̀, wọn kò fọwọ́ kan ògiri. Wọ́n jókòó. Ẹ̀ẹ̀mejì sí i ni wọ́n tún lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀.

Ní ọdún 2024, ọkùnrin náà fẹ̀yìn tì. Wọn kò tíì gba ẹnikẹ́ni sí ipò rẹ̀. Yàrá náà wà ní títì, fíláásìkì tí ó bá sì fọ́, tuntun ni wọ́n ń rà. Kí ó tó lọ, ó gba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láyè ní Sátidé mẹ́fà kí ó wá máa wò, kí ó sì máa jó ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò ní ọ̀pá gíláàsì òkè òkun, ó wọ́n jù fún un. Ohun tí ó ní ni ìgò bíà tí ó ti ṣófo, ìyẹn kò sì wọ́n ní Iléṣà níbi tí wọ́n ti ń pọn bíà láti ọdún 1978. Ó ń lọ yá iná ọ́síjìn lọ́wọ́ àwọn tí ń jó ara mọ́tò. Èyí àkọ́kọ́ sán. Ìkejì sán. Ìkẹta dára títí di òru, ó sì sán lórí tábìlì nígbà tí gbogbo wa ti sùn, nítorí kò ní ààrò tí yóò máa tù ú díẹ̀díẹ̀.

Yèyé ni wọ́n ní kí ó mú ìkòkò. Wọ́n kó eérú gbígbóná láti ìdí ààrò ìdáná kún inú rẹ̀, wọ́n ní kí ó rì í sáàárín eérú náà kí ó sì dé e, bí a ti ń sin iṣu sínú eérú. Wọ́n gbé ìkòkò náà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìkẹrin kò sán. Ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kéré, àwọ̀ rẹ̀ dà bí àgbo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Aládùúgbò wa kan ti rí i, ó ní òun fẹ́ méjì sí iwájú ilé òun. Ọmọ náà bi mí léèrè iye tí òun lè pè é. Mo ní èmi kò mọ ọjà tà, kí ó lọ bi ìyá àgbà rẹ̀ tí ó bá ọkọ rẹ̀ ru aṣọ dé Òkè-Ọya. Yèyé pe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí ó má tà á láwìn.